Ṣé yunifásítì kan ò lè dá ṣèwádìí oògùn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Kí ló dé tó jẹ́ pé yunifásítì méjì mẹ́ta ló máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí oògùn?

Ìdáhùn: Yunifásítì kan lè dá a bẹ̀rẹ̀ o, kó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn niṣẹ́ wà. Ohun tí wọ́n bá rí nínú láàbù, wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò lára èèyàn díẹ̀, tó bá yá ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọsibítù wo ló fẹ́ dá rí gbogbo èèyàn yẹn, àgàgà tó bá jẹ́ àìsàn tí ò wọ́pọ̀? Abẹ́rẹ́ kòrónà ti Yunifásítì Oxford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brazil àti South Africa ni wọ́n ti dán an wò, iléeṣẹ́ oògùn AstraZeneca ló wá ṣe é jáde. Lọ́dún 2006, NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, dá ètò CTSA sílẹ̀, owó fáwọn yunifásítì nítorí irú iṣẹ́ yìí. Èyí tó wù mí jù ni pé tẹ́lẹ̀, ọsibítù kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ ìwádìí kan náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bóyá kò ní pa èèyàn lára, kó tó fọwọ́ sí i (ẹ gbọ́ wàhálà!), àmọ́ láti 2018 NIH ní kí ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo máa bá gbogbo wọn ṣe é, tó bá jẹ́ owó NIH ni wọ́n fi ń ṣèwádìí náà.