Èsì: Ṣé sẹ́nétọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò lè di alágbàwí ní Amẹ́ríkà?

Ẹ kú ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gba iṣẹ́ alágbàwí, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó bá wọn rọ àwọn aṣòfin, lọ́jọ́ kejì tó kúrò nípò. Ohun tí òfin kò gbà ni kó fúnra rẹ̀ padà lọ rọ àwọn aṣòfin nítorí oníbàárà: ọdún 2 ni fún sẹ́nétọ̀, ọdún 1 fún ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin. Òfin 2007 ló sọ ti sẹ́nétọ̀ di ọdún 2.

Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ló ti jò. Kò sẹ́ni tó ní kó má jókòó sí ọ́fíìsì, kó máa sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé, "Lágbájá ni kí ẹ lọ bá, ẹ má fẹnu kan ọ̀rọ̀ owó-orí lọ́dọ̀ rẹ̀." Wọ́n á ní olùdámọ̀ràn ni. Ẹni tí iṣẹ́ ìpàrọwà yìí kò bá sì tó ìdá 20 nínú 100 àkókò tó ń lò fún oníbàárà kan, kò pọn dandan kó forúkọ sílẹ̀ nítorí oníbàárà yẹn.

Ẹ wo Billy Tauzin, tó jẹ́ ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin tẹ́lẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ti òfin oògùn Medicare (ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà) ti 2003 lẹ́yìn, òfin tí kò jẹ́ kí ìjọba bá àwọn apoògùn dúnàádúrà nígbà náà. Nígbà tó di 2005, òun ni olórí PhRMA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn. Òfin kò dí i lọ́nà. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Tó bá jẹ́ ẹnì kan pàtó lẹ fẹ́ tọpa rẹ̀, àwọn alágbàwí tó forúkọ sílẹ̀ ń kọ ìròyìn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo ayé ló sì lè kà á.