Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù abanilẹ́rù: "a tako àṣà" nìkan kò tó

Àbúrò, o ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù oníṣẹ́jú méjì yín fún A-level Media (ìdánwò àṣekágbá girama nínú ẹ̀kọ́ fíìmù àti ìròyìn) ní London ti parí, ó ku kí o kọ bó ṣe lo àṣà fíìmù abanilẹ́rù àti ibi tó ti tako wọn. Apá "lílo" kò le: òkùnkùn, ilé àdádó, ọmọbìnrin tó dá wà, ìró tó ń kùn lábẹ́lẹ̀. Kọ ọ́, kọjá.

"Títako" ni wàhálà. Ìdajì kíláàsì ló máa kọ pé "obìnrin ni apànìyàn tiwa, nítorí náà a tako àṣà." Ẹni tó ń máàkì á kọ "àlàyé dà?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní sọ irú àlàyé tó ń wá. Ohun tí wọn kì í là mọ́ni lójú ni pé wọ́n fẹ́ mọ àṣà wo, fíìmù wo ló ti wà, ìṣẹ́jú-àáyá wo nínú tìrẹ lo ti yí i po, àti ohun tí olùwòran ń retí kó tó rí òdì kejì. Èyí kan ṣoṣo bá sọnù, máàkì ti lọ.

Má kọ "a lo kámẹ́rà bí ojú apànìyàn." Kọ báyìí: "Láti 0:34 sí 0:52, kámẹ́rà ń rìn bí ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọmọbìnrin náà, bíi ti fíìmù Halloween (1978), níbi tí a ti ń wòran láti ojú ihò ìbòjú kí a tó rí i pé ọmọdé ni apànìyàn. Ní 0:53, ọmọbìnrin tiwa bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ẹni tí a rò pé wọ́n ń dọdẹ rẹ̀ ló ti ń dúró de ọdẹ." Ìyẹn ni títako.

Àwọn olùkọ́ kan ló ń ba èyí jẹ́. Wọ́n á ní tí ọmọbìnrin bá kú ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti tako "final girl" ti Carol Clover, onímọ̀ nípa fíìmù tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó ṣẹ́ kù ní òpin fíìmù ni final girl. Ẹni àkọ́kọ́ tí apànìyàn pa kò fìgbà kan jẹ́ òun. Má sì kọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ya ìran ẹ̀rù nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ní itẹ́ òkú, tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀, ni Night of the Living Dead (1968) ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀mí òkú aláṣọ funfun tó fi páúdà kunjú, tó jáde lọ́sàn-án gangan, àṣà gidi ni nínú fíìmù Yorùbá tiwa. Ẹni tó ń máàkì lè má mọ̀, nítorí náà sọ ibi tó ti wá. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi egúngún dẹ́rù bani "torí àṣà rẹ", kọ̀. Ará ọ̀run tó wá súre fọ́mọ kì í ṣe iwin.

Má fi "a tako àṣà" bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ o. Iná mànàmáná ìlú Ọba, 50 Hz ni (ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Tí fóònù bá wà ní 30 fps (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tí shutter rẹ̀, ìyẹn àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, ń yí fúnra rẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. 25 fps àti shutter 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá ló ń dá a dúró. Ìdákẹ́jẹ́ náà, ẹ gba ìró ibi tẹ́ ẹ ti yà á sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kẹ́ ẹ fi sábẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé ìró kúrò pátápátá, á dà bíi pé sípíkà ló bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ya nǹkan kún un, ẹ má gbé ọ̀bẹ jáde sí títì London, oníke pàápàá, láì sọ fún ọlọ́pàá ṣáájú.

Wo àkọlé fíìmù yín náà. Lẹ́tà pupa tó ń kán bí ẹ̀jẹ̀ lójú dúdú làwọn èèyàn mọ̀. Tí tiyín bá jẹ́ lẹ́tà funfun kékeré ní igun ní 1:50, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Máàkì tó rọrùn jù nìyẹn, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé rẹ̀.