Kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà

Ìbéèrè: Bàbá Àgbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fa ẹ̀wà kan tu lóko mi n'Ísẹ́yìn, kókó kún gbòǹgbò rẹ̀. Ṣé kí n fa ìyókù dànù ni? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ fọwọ́ mú sùúrù! Ẹ fi èékánná họ kókó ọ̀hún. Bó bá já bọ́ wẹ́rẹ́, tí inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń fi afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ fún ẹ̀wà. Àmọ́ bó bá jẹ́ gbòǹgbò gan-an ló wú, tí kò ṣeé họ kúrò, nematode ni, aràn tíntìntín. Inú gbòǹgbò ni abo rẹ̀ ń gbé, ẹyin rẹ̀ sì ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ sun gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ níná. Ẹ má gbin tòmátì tàbí ṣọkọ síbẹ̀ tẹ̀ lé e. Ṣọkọ pàápàá, oúnjẹ wọn ni. Ẹ̀pà sàn.