Ṣé gígun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lè fa àìsàn òkè gíga?

Rárá, kò lè fà á, nítorí àìsàn náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó dé nǹkan bí 2,500 mítà, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tó ga tó 700 mítà ní gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ bá ń mí hẹlẹ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà àti ooru ni.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní ọ̀nà orí òkè Galibier ní ilẹ̀ Faransé, tó ga tó 2,642 mítà. Ìdá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì jẹ́ nǹkan bí 21 nínú 100. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ni ó dín kù, nítorí náà ọ́síjìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ a máa kéré, ẹsẹ̀ a sì tètè rẹ ẹni tó ń gùn ún, bó ti wù kó lágbára tó. Ẹni tó gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kì í sábà ṣàìsàn. Sísùn lókè ni ó léwu jù. Bí orí fífọ́ àti èébì bá bẹ̀rẹ̀, kí ó má gòkè sí i mọ́. Bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí èémí rẹ̀ kò balẹ̀ nígbà tó ń sinmi, kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru.