Ọ̀rọ̀ yín ò sọnù, inú variable ló wà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní function inú script shell yín ń sọ̀rọ̀ lójú skríìnì dáadáa, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe fi $( ) kó èsì rẹ̀ sínú variable báyìí, ńṣe ló dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò lọ ibì kankan. $( ) kì í bi í pé èwo ni ìkéde, èwo ni èsì: gbogbo ohun tó bá gba stdout (ọ̀nà tí èsì ń gbà jáde) kọjá ló ń kó.

Ohun tójú mi rí lórí ẹ̀ rèé. Mo kọ script kan tí cron (ètò tó ń ṣí iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lásìkò tá a bá dá fún un) ń ṣí ní aago 2 òru, kó máa ṣe backup database oníbàárà mi kan, kó sì fi ránṣẹ́ sí server míì:

se_backup() {
  echo "Mo n se backup..."
  pg_dump isiro > /var/backups/isiro.sql
  echo /var/backups/isiro.sql
}
faili=$(se_backup)
scp "$faili" ibomii:/ipamo/

Echo àkọ́kọ́ yẹn ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo fi kún un, n ò tún un dán wò mọ́. Lọ́jọ́ tí disk server kú, mo sáré lọ síbi ìpamọ́. Backup tí mo bá níbẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 3! Scp, tó yẹ kó gbé fáílì náà lọ sí server kejì, ti ń pariwo "No such file or directory" lóròòru, inú méèlì cron ni ariwo yẹn ń lọ, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí i. Ọjọ́ 4 gbáko la fi jókòó ti rìsíìtì, tí à ń tẹ ìṣirò ọjà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí gan-an.

Ìlà kan péré ló tú àṣírí ẹ̀:

printf '[%s]\n' "$faili"

Ohun tó gbé jáde nìyí:

[Mo n se backup...
/var/backups/isiro.sql]

Orúkọ fáílì tí scp ń wá nìyẹn, ìlà méjèèjì pọ̀!

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ darí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti èèyàn sí stderr (ọ̀nà kejì, tí àṣìṣe àti ìkéde ń gbà jáde). $( ) kì í fọwọ́ kàn án, ojú skríìnì ló ń bọ́ sí tààrà:

echo "Mo n se backup..." >&2

Èsì nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún stdout. Ẹ má sì kọ 2>&1 sínú $( ) yẹn o, ẹ̀ ń da ọ̀rọ̀ yẹn padà sínú stdout níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí èsì náà lójú, kẹ́ ẹ tún kó o pa mọ́, ẹ lo tee, tó ń pín in sí ọ̀nà méjì:

esi=$(se_backup | tee /dev/stderr)

Àwọn kan máa ń lo /dev/tty dípò /dev/stderr, àmọ́ cron ò ní tty (ojú terminal tí èèyàn jókòó sí), kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ fi || return 1 (bó bá kùnà, kí function dúró, kó sì sọ pé òun kùnà) sẹ́yìn pg_dump tó ń ṣe backup yẹn, torí echo tó gbẹ̀yìn máa ní gbogbo nǹkan lọ dáadáa bí pg_dump bá tiẹ̀ kùnà. Tó bá sì jẹ́ inú function míì lẹ ti ń pè é, ẹ má kọ local faili=$(se_backup) pọ̀ sójú kan; local náà, tó ń fi variable mọ sínú function yẹn, á bo ìkùnà yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ local faili, kẹ́ ẹ tó wá kọ faili=$(se_backup) || return 1 sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fi printf yẹn sábẹ́ tiyín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó bá gbé jáde.