Kí ni Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe gan-an? Ìbéèrè láti Manchester, ìdáhùn láti Calgary

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ìbejì wa tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òkè Balógun, ní Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà tí a ti ṣe Iléyá, èèyàn mẹ́ta ló ti kú ládùúgbò wa. Ìyá Ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ lọ, ìyá arúgbó tó ń yan ẹja tà ní Ayétòrò. Bàbá Tíṣà tẹ̀ lé e, ẹni tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ àdúgbò níwèé. Ẹnì kẹta ni bùrọ̀dá kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Kò tíì pé ogójì ọdún.

Nígbà tí a lọ sílé léṣìí, àwọn ọmọ mi mọ gbogbo wọn. Ìyá Ẹlẹ́ja bu ẹja fún wọn, bùrọ̀dá yẹn gbé wọn gun ọkọ̀ yí ọ̀sà ká. Ní báyìí, ohun tó ń wọlé sórí WhatsApp ẹbí ò ju pósítà tí wọ́n kọ "ìyá rere" sí, iye owó aṣọ ẹbí, àti fídíò ibi tí wọ́n ti ń náwó. Ní ti bùrọ̀dá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Ìnnà lílláhì." Ó parí. Táíwò wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe gan-an tí gbogbo èèyàn fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi jó nítorí Ìyá tí wọn ò jó nítorí Bùrọ̀dá. Mo ní èèyàn dáadáa ni gbogbo wọn. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ wọn lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin tí ọmọ yín ti dàgbà sókè òkun? Ó wù mí kí wọ́n mọ àwọn èèyàn yìí ju àwòrán ara ògiri lọ.

Ìyá Ìbejì


Ìyá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́hun forí ji àwọn tó lọ, kí Ó tu àwọn tó ṣẹ́kù nínú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lèmi náà, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni tiwa, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni tiyín, torí náà ẹ bá mi fara dà á bí ẹnu mi bá fẹ́ tọ́ yín. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní níbí, àgbà wọn ti wọ yunifásítì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìbéèrè Táíwò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bi èyí tó yẹ kí àgbàlagbà bi. Pósítà kì í sọ ohun tí èèyàn ṣe. Á sọ iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ, á sọ bóyá Àlhájà ni, á sọ ibi tí ẹ ó ti jẹun. "Ìyá rere" tí wọ́n kọ sí tiyín, òun náà ni wọ́n kọ sí ti ìyá tó kú lódì kejì ọjà. Ẹ fọwọ́ bo àwòrán méjèèjì, ẹ ò ní mọ ti ta ni ti ta ni. Ibi iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo ti máa ń wá a. Bí ẹnì kan bá kú nílé, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: iṣẹ́ wo ló ń ṣe, báwo ló ṣe ń ṣe é, kí ló máa ń sọ bí inú bá ń bí i.

Ẹ wo ti ẹja yíyan yìí ná. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yan ẹja. Nígbà tó kú, mo ní kí ọmọbìnrin mi bá ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n máa rí ojú ara wọn. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń tijú, torí Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. Obìnrin yẹn ò tiẹ̀ kà á sí, ó ní kí ẹnì kan bá òun di fóònù mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lójú rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ni. Ó fi iyọ̀ bó o títí ara rẹ̀ ò fi yọ̀ mọ́. Ó ká a kó, ó ki ìrù bọ ẹnu, ó fi igi ìgbálẹ̀ gún un pọ̀ kó má baà tú. Ó tò ó sórí wáyà. Igi ló fi dáná, àmọ́ kì í jẹ́ kí iná náà jó fòò, torí èéfín ló ń wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun yí ẹja padà lórí iná, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á ní, "Gbé e sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀lẹ ló ń já awọ ẹja." Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí. Dòní olónìí, bí àbúrò rẹ̀ bá ba nǹkan jẹ́ nínú ilé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "ọwọ́ ọ̀lẹ". Kò bá ìyá yẹn gbé rí, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló sì ń tẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹ wá ẹni tó máa ṣe irú ẹ̀ fún Táíwò. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní Ayétòrò. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ló máa ń mọ̀ jù.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Àwa Mùsùlùmí, ọjọ́ tí èèyàn kú la ń sin ín, kò sí bàálù tó lè gbé ará Manchester dé ibẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Ọjọ́ fìdáù ni, ọjọ́ kẹjọ tàbí ogójì ọjọ́, tí áfà bá ti ṣàdúrà tán, tí oúnjẹ ti ń lọ káàkiri. Ẹnì kan á ní, "Ẹ ò rántí ọjọ́ tó lé agbowó ọjà?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ọmọ kan tó já fáfá síbẹ̀, kó jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Kó má lọ gba ohùn áfà o, ìyẹn la máa ń gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, kálukú á ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ogójì ọjọ́ Bàbá Tíṣà bá ti kọjá, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé. Oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí fi ń jókòó, àwọn tó sì ń rọ́ wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti tú ká báyìí. Ẹ pè é. Ẹ má bi í bí ikú ṣe pa bàbá, ẹnu rẹ̀ á ti bó níbi ká máa sọ ọ́. Ẹ ní kó sọ fún Kẹ́hìndé bí bàbá ṣe wá fẹ́ òun.

Ní ti bàbá fúnra rẹ̀, bó bá sún mọ́ ọgọ́rin, ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn yẹn ni Ẹ̀pẹ́ wà nígbà náà. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú àpótí rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá máa fẹ́ mọ ìdí tí ìwé ará Èkó fi ń jẹ́ orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ lẹ ó ti bá a dé orí ọmọkùnrin kan tí wọn ì bá má rí owó ilé ìwé san fún, tó wá padà di tíṣà àdúgbò.

Ohun mìíràn: bí ẹ bá rí i nínú fídíò Ìyá Ẹlẹ́ja pé àwọn kan wá láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó, ẹ fi han àwọn ọmọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò lórí oyè lọ́dún 1851, ọ̀dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ ló wá fìdí kalẹ̀ sí pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tó padà lọ́dún 1862, àwọn tó bá a lọ ló tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó, àwọn tó dúró ni baba ńlá ẹ̀yin Èkó-Ẹ̀pẹ́. (Àwa la gbà yín lálejò. Mi ò ní jà lónìí.) Àwọn tó wá kí òkú yẹn, ẹbí tó ti pín láti ìgbà náà ni wọ́n, wọ́n ṣì mọ ojú ara wọn.

Ìbéèrè Kẹ́hìndé ló le. Ìyá Ẹlẹ́ja gbó, ó tọ́, ó sì fọmọ sáyé lọ. Ẹni tó bá jó níbẹ̀ kò ṣe àṣejù. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti bùrọ̀dá. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Kò sí pósítà, kò sí aṣọ ẹbí, wọ́n á sin ín wéréwéré, wọ́n á sì panu mọ́. Àánú àwọn òbí ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, mi ò bá àṣà náà jà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó gbó ní fídíò, ó ní ankara, ó ní àwòrán lára gbogbo ògiri Òkè Balógun. Ẹni tó kú ní kékeré ò ní nǹkan kan. Tó bá fi máa tó ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ àdúgbò ò ní mọ̀ pé ó gbé ibẹ̀ rí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ má pe ìyá rẹ̀ o. Bó bá fúnra rẹ̀ dárúkọ ọmọ náà, ẹ gbọ́, ẹ má tọ pinpin rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ pè. Ẹ bi wọ́n ta ni ọ̀gá rẹ̀, níbo ló ti kọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù, ó dájú pé wọ́n ya fọ́tò, fọ́tò yẹn á wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ ní kí wọ́n sọ bó ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kó tó tú u. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́, etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ta ni kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀? Irú ọkọ̀ wo ni kì í fọwọ́ kàn? Àwọn ọmọ yín náà ní tiwọn. Wọ́n gun ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n rí bó ṣe ń tukọ̀, bóyá ó tiẹ̀ kọrin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sórí fóònù, ní Yorùbá tó bá wà lẹ́nu wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn. Àwọn yẹn náà ń ṣọ̀fọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kí wọn, torí wọn kì í ṣe ẹbí.

Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ó kú. Ẹ má ní ó sùn, ẹ má ní ó rìnrìn àjò. Àbúrò mi kan fi "ó sùn" tu ọmọ rẹ̀ nínú, ó sì pẹ́ kí ọmọ náà tó gbà kí wọ́n pa iná yàrá lálẹ́. Bó bá jẹ́ àìsàn, ẹ dárúkọ àìsàn. Bó bá jẹ́ omi, ẹ ní omi ni. Wọ́n ti tó gbọ́.

Àwọn kan á sọ fún yín pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, òótọ́ ni, ẹ̀sìn wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ agídí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí Ìyá Ẹlẹ́ja bá le lówó, tí kì í yọ kọ́bọ̀ nínú iye tó bá dá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Gbèsè àti ìjà ogún ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó aṣọ ẹbí ò gba àròjinlẹ̀. Bí agbára bá ká a, ẹ rà á. Bí kò bá ká a, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún sàráà, ẹ ní orúkọ bùrọ̀dá ni kí wọ́n fi ṣe é.

Bí ẹ bá tún ń múra ilé, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí àsìkò Kayọ̀kayọ̀, lẹ́yìn Iléyá. Ẹ̀yin lẹ ni ọdún náà, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé àwọn tó ti fọ́n káàkiri máa ń wálé nígbà náà, ẹ ó sì rí àwọn ẹgbẹ́ Bàbá Tíṣà lójú kan. Ní báyìí ná, ọ̀sán Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni kí ẹ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn, kí ẹ lè bá wọn lórí ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi dátà ránṣẹ́ sí wọn, torí ọ̀rọ̀ náà máa gùn.

Bàbá Ràṣídátù, Calgary