Fún àbúrò mi tó ní SS, tí wọ́n ń sọ fún pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo tún un kà. O ní ọmọ ọdún 22 ni ọ́, SS ni jẹ́nótáìpù rẹ, ìyẹn ni pé o ní àrùn sickle cell, kíráísìsì (ìrora líle tí àrùn náà máa ń fà) tó mú ọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí sì lágbára débi pé wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára. Àwọn ará ìjọ tó wá kí ọ nílé ìwòsàn ní bí ìgbàgbọ́ rẹ bá pé ni, ìrora yìí ò ní máa padà wá. O wá ń béèrè bóyá Ọlọ́run ń bínú sí ọ, bóyá kí o bá wọn gba ààwẹ̀ gbígbẹ (àìjẹ àìmu) ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó ń bọ̀, àti ohun tí wàá sọ fún arákùnrin tó dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́.

Èmi náà, SS ni mí. Mo ti lé lógójì ọdún, aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, ọ̀pá ni mo sì fi ń rìn báyìí torí pé orí egungun itan mi ọ̀tún ti bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bọ́ ọ ni kò ráyè dé ibẹ̀. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọlọ́run ò bínú sí ọ. Bàbá rẹ fún ọ ní S kan, ìyá rẹ fún ọ ní S kan, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyẹn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó ní S kan ṣoṣo, ara wọn le, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Tí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló lè jẹ́ SS lọ́nà kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí àwọn òbí mi fẹ́ra, ẹbí wádìí ẹbí dáadáa: wọ́n wádìí wèrè, wọ́n wádìí ẹ̀tẹ̀, wọ́n wádìí olè. Ta ló wádìí ẹ̀jẹ̀? Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wa tó yẹ kó rí roboto máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á le gbagidi, á dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì ti ráyè kọjá ni ìrora ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ta ló wà nínú ìyẹn? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù náà béèrè irú ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú: ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ó wà nínú Jòhánù orí 9. Kà á sí wọn létí tí wọ́n bá tún dé.

Láyé àtijọ́, àbíkú ni wọn ì bá pe èmi àtìwọ. Ọmọ tí ìyá mi bí ṣáájú mi kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn, nígbà tí èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi wú, tí ojú mi pọ́n bí òróró, ìyá bàbá mi ní Málọmọ́ ni kí wọ́n máa pè mí. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi. Ẹ̀rù ọmọ tó ń kú ló ń bà wọ́n. Lónìí àwọn oníṣègùn gbà pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n kọ lábẹ, tí wọ́n sun lára, àrùn yìí ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún ọ nínú ìjọ pé ẹ̀mí kan ló ń lépa rẹ, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àbíkú ọjọ́un náà ni. Aṣọ ìgbàgbọ́ ni wọ́n wọ̀ fún un.

Kíráísìsì tèmi sábà máa ń dé lóru. Á bẹ̀rẹ̀ láti egungun ojúgun, kó tó tó wákàtí kan á ti gun itan, á ti gba ẹ̀yìn, aṣọ ìbora gan-an á di ohun tí ara ò lè gbà. Ìyá mi á gbé omi kaná, á ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, á fún un gbẹ, á tẹ́ ẹ lé mi nítan, á ní, "Mí, ọmọ mi. Mí." Mo mọ Sáàmù 23 àti 91 lórí láti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àmọ́ lóru bẹ́ẹ̀ mi ò lè kà wọ́n débì kan. "Jésù" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi. Nígbà míì igbe lásán ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àdúrà ni igbe náà, pé Ọlọ́run ò retí kí n to ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ kó tó gbọ́.

Sáàmù 88 ló kọ́ mi. Lọ kà á. Ọ̀pọ̀ Sáàmù tó fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ máa ń fi ìyìn parí, ṣùgbọ́n ti èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń jìyà, ó ní Ọlọ́run fi ojú pa mọ́ fún òun, inú òkùnkùn ló sì parí rẹ̀ sí. Kò dúpẹ́ níparí, kò sọ pé òun ti gba ìwòsàn. Síbẹ̀ Ọlọ́run ìgbàlà òun ló pè é láti ìlà àkọ́kọ́, òun náà ló ń bá sọ̀rọ̀ títí dé ìparí. Ìgbàgbọ́ tó gbé mi dé òní nìyẹn: mo ń jẹ ìrora, mo ń bínú pàápàá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà ni mo ń bínú lọ bá. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kí o máa "jẹ́wọ́ ìwòsàn", kí o má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ti ẹnu rẹ jáde. Mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́ síta. Jésù fúnra rẹ̀ bẹ Baba nínú ọgbà Gẹtisémánì pé kí ago náà kọjá, àti lórí àgbélébùú ó ké pé kí ló dé tí o fi kọ̀ mí sílẹ̀. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kéré?

Tàbí ti Pọ́ọ̀lù? Ó bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta kó mú ẹ̀gún inú ara òun kúrò. Kò mú un kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ, ohun tó gbọ́ nìyẹn. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà tí wọ́n ń mú aṣọ ara rẹ̀ lọ bá aláìsàn tí ara wọn ń yá, òun ló kọ̀wé sí Tìmótì pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó gba Tìmótì nímọ̀ràn pé kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lemọ́lemọ́. Kò bú èyíkéyìí nínú wọn pé wọn ò gbàgbọ́.

Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo ènìyàn sàn, kí o má ṣì mí gbọ́. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú-Òde péjọ sínú àdúrà lásìkò àjàkálẹ̀ lùkúlùkú (influenza) ọdún 1918, nígbà tí dókítà fúnra rẹ̀ ò ní oògùn kan tó ká a. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n láé. Àmọ́ èmi ní ohun tí wọn ò ní, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀. Wòlíì kan wá sílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó ní kí ìyá mi kó gbogbo oògùn mi dànù, pé oògùn náà ló ń dí Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Wòlíì. Ẹ máa bá wa gbàdúrà. Oògùn ọmọ mi ò ní jáde nínú ilé yìí." Nígbà tí Hesekáyà ń kú lọ, ó gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́, ó fi ọdún 15 kún un fún un, Aísáyà yìí kan náà tó jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún un ló ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Àdúrà àti oògùn, lẹ́nu wòlíì kan ṣoṣo.

Ààwẹ̀ wá ńkọ́? Àbúrò mi, má gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kan pàápàá pọ̀ jù fún wa. Tí omi bá gbẹ lára wa, ẹ̀jẹ̀ á ki, kíráísìsì sì lè dé. Ìṣọ́ òru nínú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrìbọmi nínú odò tútù bẹ́ẹ̀. Lọ bá olùṣọ́ rẹ kí ọjọ́ náà tó pé, sọ fún un pé ara rẹ ò gba àìmumi. Bí ó bá jẹ́ olùṣọ́ lóòótọ́, á yé e. Ní ìjọ tèmi, nígbà tí àwọn tó kù bá ń gbààwẹ̀, mo máa ń fi ẹran àti ohun dídùn sílẹ̀, mo máa ń jí gbàdúrà láago márùn-ún, ìgò omi mi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ń wò mí mọ́. Máa lo folic acid rẹ àti Paludrine tó ń dènà ibà lójoojúmọ́, torí ibà máa ń fa kíráísìsì fún wa. Béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ bóyá hydroxyurea yẹ ọ́. Ó ti dín bí kíráísìsì tèmi ṣe ń wáyé kù gan-an. Tí ara rẹ bá gbóná tó 38°C, tí àyà bá ń dùn ọ́, tàbí tí èémí ò já gaara, má dúró de ẹnikẹ́ni kó wá gbàdúrà fún ọ, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ, kí wọ́n máa gbàdúrà tẹ̀lé ọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù oògùn máa gún ọ ní abẹ́rẹ́ ìrora lábẹ́lẹ̀. Mo ti sin ọ̀rẹ́ tí abẹ́rẹ́ yẹn di bárakú fún.

O sọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn mí wọra, pé ẹrù lo jẹ́ sí àwọn òbí rẹ lọ́rùn. Mo mọ ìrònú yẹn. Ọ̀gá tí mo kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lé mi lọ nígbà tí Kérésì ń bọ̀, ó ní aṣọ àwọn oníbàárà ń tò jọ nígbà tí mo bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń san owó ilé ìwòsàn, mo sì máa ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láti yàrá kejì. Mo dùbúlẹ̀ nígbà náà, mo ní kí Ọlọ́run kúkú máa mú mi lọ.

Ìyá Ìjọ wa ló wá. Wọn ò gbàdúrà olóhùn òkè, wọn ò bi mí bóyá mo gbàgbọ́. Wọ́n gbé èkọ gbígbóná lọ́wọ́, wọ́n fọ aṣọ tó wà nínú bàfù, wọ́n wá jókòó ti ẹsẹ̀ mi, wọ́n ń pè mí ní oríkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe níbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wàhálà ò dé àfi ìgbà tí wọ́n la ẹnu. Nígbà tí Ìyá Ìjọ máa lọ, wọ́n fa ọ̀rá kan yọ, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ ò dùn ọ́, àbí? Bá wa ṣẹ́ etí àwọn wọ̀nyí." Lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ etí wọn. Láti ibẹ̀ ni oníbàárà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní àwọn ẹ̀yà ara tó dà bíi pé wọ́n ṣe aláìlera jù, àwọn gan-an ni a ò lè ṣe aláìní. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó kàn mí. Wá ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ rẹ, wọn ò lè ṣaláì wà, wọn kì í sábà wà nídìí gbohùngbohùn. Dúró ti irú wọn.

Ní ti arákùnrin yẹn, sọ fún un nísinsìnyí, kó tó di pé ọkàn yín jọ wọra tán. Sọ ọ́ láìfi ojú sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lò ń jẹ́wọ́. Tí ó bá jẹ́ AA, ìyẹn ẹni tí kò ní S kankan, AS ni gbogbo ọmọ tí ẹ bá bí, kò sí SS nínú wọn. Tí ó bá jẹ́ AS, gbogbo oyún ló lè jẹ́ SS lọ́nà kan nínú méjì, kí ẹ sì jọ jókòó rò ó pẹ̀lú dókítà àti olùṣọ́ yín kí ẹnikẹ́ni tó mú ọjọ́ ìdána. Má gba "mo rò pé AA ni mí" lẹ́nu rẹ̀. Kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí wọ́n máa ń ṣì í, kí ìwé méjèèjì sì wà lọ́wọ́ rẹ.